Àlájà Àsíátù àti Ike Itọ́

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Gángan tí ẹ béèrè ilé Àlájà Àsíátù, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé yunifọ́ọ̀mù ta lẹ fẹ́ rán. Láti ibẹ̀ títí dé Ìta Fàájì, kò sí ilé-ìwé tí obìnrin yìí kò tíì ránṣọ fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Iwájú ilé bàbá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, lábẹ́ páànù kan tó ti dípẹtà, ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú rẹ̀, tépù lọ́rùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Èmi ń gbé yàrá kan lókè nínú agboolé yẹn, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé tó wà nítòsí wa, nítorí náà kò sí ibi tí mo lè sá sí tí n kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló sì ń bí mi nínú.

Òfin kan ni Àlájà fi ń wọn ọmọ ènìyàn. Bí tépù rẹ̀ bá ń yọ̀ kiri ní ìbàdí ọmọ, ìyà ló ń jẹ ọmọ náà nílé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kì í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o. Á gbójú sókè, á wo ìyá ọmọ láti òkè délẹ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé oúnjẹ wọ́n ládùúgbò yín ni?" Ìyá ọmọ á rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ṣùgbọ́n bí tépù bá há, tó bá ní láti fà á kí ẹnu rẹ̀ tó kanra, inú Àlájà á dùn. "Máṣàálláhù! Ọmọ yìí ní ìyá."

Ọmọ tí tépù há jù lọ ní gbogbo àdúgbò ni Khairiyyah, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, kíláàsì mi ló wà, ọmọ jẹ́jẹ́ tó mọ̀wé, tó máa ń rọra jókòó kí àga má baà dún. Láti kékeré ló ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Bùkọ́lá, ìyá tó bí i, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkòyí, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ayé pé Ìkòyí lòun ń gbé. Kò purọ́. Ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn ilé ọ̀gá rẹ̀ ni, yàrá kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì ni yóò kí yín káàbọ̀. Ṣùgbọ́n Ìkòyí náà ni.

Àlájà ló ń bọ́ ọmọ, ó sì ń bọ́ ọ bí ẹni tó ń bọ́ àgbò de Iléyá. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà aganyin láàárọ̀, púfù-púfù lọ́wọ́ lọ sílé-ìwé, ìrẹsì ní ọ̀sán, ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti fi sọ ọ́ kalẹ̀. Bí sáà tuntun bá ti wọlé, Àlájà á tú ẹ̀gbẹ́ yunifọ́ọ̀mù Khairiyyah, á fi aṣọ lé e, á ní ọmọ ń dàgbà. Ọmọ ń dàgbà lóòótọ́, àmọ́ gígùn aṣọ náà kò yí padà, ìbú nìkan ló ń lé. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tó ṣá.

"Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bí pákò yìí? Ẹ lọ jẹun jọ̀ọ́."

Òun náà sanra, ó sì ń fi yangàn. Àmọ́ láti bí ọdún kan, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá. Omi kì í kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì lè rán ìgbátí kan tán kó má dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá bi í, ooru Èkó ni. Khairiyyah ló wá ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá bi í, gílóòbù tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ni kò mọ́lẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta á, bàtà ni. Gbogbo ohun tó ń ṣe é ló ní ẹni tó dá lẹ́bi, ara rẹ̀ nìkan ni kì í dá lẹ́bi.

Báyìí la ṣe wà tí àwọn olùwádìí fi dé sí ilé-ìwé wa. Yunifásítì ló rán wọn. Dókítà Adéníyì ló ṣíwájú wọn, ọ̀dọ́kùnrin onígíláàsì kan tí bàtà rẹ̀ funfun débi pé ó ń wá ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé lórí ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́langba fi ń sanra jù, àti ohun tí ọ̀rá náà ń fojú wọn rí lábẹ́nú. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, n kò ní rẹ́ ẹ jẹ. Ó ní a kò ní láti gún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́. Pé itọ́ ẹnu nìkan lè fi hàn bóyá ara ọmọ ti ń bá ṣúgà jìjàkadì, kódà kó tó di àìsàn. Ó wá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa ọtí ẹlẹ́rìndòdò títí ojú fi ń ti àwọn tó ní in nínú báàgì. Lẹ́yìn náà a wọ yàrá àwọn tíṣà, àwọn olùwádìí sì gbé ìpápánu jáde fún wa: mítìpáì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Pírínsípà wa mu méjì. Dókítà pàápàá mu ọ̀kan, ó ní oòrùn ọjọ́ náà pọ̀.

Wọ́n fi tépù wọn ìbàdí àwọn ọmọ, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìdérí, tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí lára. Kí ọmọ gbé e lọ sílé. Bó bá ti jí láàárọ̀, kó tó rin pákò, kó tó fẹnu kan oúnjẹ tàbí omi, kó tẹríba, kó jẹ́ kí itọ́ máa sun sínú rẹ̀, kó dé e, kó fi sínú fíríìjì, kó sì gbé e wá sílé-ìwé. Àwọn òbí ti fọwọ́ sí i. Bùkọ́lá ti fọwọ́ sí tiẹ̀ láti Ìkòyí.

Nígbà tí Khairiyyah gbé ike náà délé, mo wà lójú àtẹ̀gùn.

"Itọ́?" Àlájà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Itọ́ ọmọ mi?"

Mo ní, "Àlájà, itọ́ lásán ni. Wọ́n kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé ní Iléṣà, bí ẹ bá tutọ́ sílẹ̀, kí ni màmá yín ní kẹ́ ẹ ṣe sí i?"

N kò fẹ́ dáhùn, nítorí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ká fi wọ́ yẹpẹ̀ bò ó. Itọ́, irun, èékánná, kò sí èyí tí ìyá wa jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan? Yẹpẹ̀ lẹ fi bò ó. Ọkùnrin oníbàtà funfun wá fẹ́ gbé tọmọ tèmi lọ sínú fíríìjì."

"Àlájà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ Mẹ́kà, ẹ gbà gbọ́ pé wọ́n lè fi itọ́ ṣe ọmọ níbi?"

"Astagfirulláhì! Mi ò gbà á gbọ́ o. Ṣùgbọ́n mi ò sì ní fi ọmọ mi dán an wò."

Khairiyyah, tó dúró síbẹ̀ tó gbá ike náà mọ́yà, ló bá sọ̀rọ̀. "Màmá, gbogbo wọn ló máa gbé tiwọn wá. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mi ò gbé e wá, wọ́n á ní torí pé mo sanra ni."

Àlájà wo ọmọ náà, ó tún wo ike. "Ó dáa," ó ní. "Máa tutọ́ ẹ. Ta ló ní kó o má tutọ́?"

Ìrọ̀rùn yẹn yẹ kó kọni lóminú, nítorí Àlájà kì í gba nǹkan wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu ara rẹ̀ la ti gbọ́ ọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ fún yín níbí. Ó jí ọmọ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọmọ tutọ́ rẹ̀ sínú ike, ó sì gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ gbé e sí fíríìjì. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ. Ó da itọ́ ọmọ sínú ṣáláńgá, ó da omi tẹ̀lé e, ó fọ ike, ó gbọ̀n ọ́n gbẹ. Ó wá tẹríba, ó tu itọ́ ara rẹ̀ sínú rẹ̀ títí ó fi dé ojú àmì. Kò tíì jẹun, kò tíì mu omi, kò tíì rin pákò. Gbogbo òfin tí Dókítà Adéníyì ṣe ni obìnrin yìí pa mọ́ pátápátá. Ẹnu nìkan ni kì í ṣe ẹnu tí wọ́n ní kó jẹ́.

Bí ẹni ibi bá máa fi itọ́ náà pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kó pe tòun. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ìfẹ́ ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Dókítà Adéníyì ránṣẹ́ pè wá sí ọ́fíìsì pírínsípà: èmi, Bùkọ́lá, àti Àlájà. Ojú rẹ̀ kò dára. Ó ní nínú gbogbo àwọn ọmọ tí àwọn yẹ̀ wò, ti Khairiyyah ló bani lẹ́rù jù.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni," ó ní, "ṣùgbọ́n bí ẹnu ẹni tó ti pẹ́ láyé ni itọ́ ẹ̀ ṣe rí. Gbogbo àmì tí à ń wá ló wà níbẹ̀. Ó jọ pé àtọ̀gbẹ ti wọ ara ẹ̀, kì í sì í ṣe lánàá. A gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ Mọ́ńdè ká lè mọ̀ dájú."

Mo wo Àlájà. Ó ń gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀ lórí orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀, òun nìkan ló sì mọ̀ nínú wa. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ níkẹyìn ni pé, "Ẹ̀rọ yín ló ń purọ́."

Dókítà ní, "Mà, ẹ̀rọ wa kì í purọ́." Ọlọ́run ló mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Bùkọ́lá bú jáde. "Màámi! Ẹ ti fi oúnjẹ pa ọmọ mi! Mo sọ fún yín, mo sọ ọ́ títí, ẹ ní ọmọ ń dàgbà! Ó ti tó báyìí. Tá a bá ti kúrò lọ́sibítù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìkòyí ni mo ń mú un lọ, kò sì ní padà wá gbé ọ̀dọ̀ yín mọ́ láéláé."

Inú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì ti ń kíni káàbọ̀ náà ló ń sọ o. Ṣùgbọ́n òun ló bí i, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Gbogbo ohun tí Àlájà ní láyé ni ọmọ yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, kí wọ́n má baà mú un lọ, kò sì sọ ọ́. Àwọn àgbà ní a kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún padà lá a. Àlájà ti tu tirẹ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé e.

Bùkọ́lá kò padà sí Ìkòyí ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ó jókòó tì wá, ó sọ ilé di ọsibítù. Kùkúḿbà láàárọ̀, ewé láìsí epo ní ọ̀sán, omi gbígbóná pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ń yọ́ lọ jẹ ẹ̀wà aganyin ní ìkọ̀rọ̀, mo rí i. Àwọn ará agboolé ń wọlé wá kí wọn bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sọ ìtàn gbogbo ẹni tí ṣúgà ti pa. Ọmọ tí ebi ń pa náà jókòó sáàárín wọn, ó ń gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Khairiyyah wá bá ìyá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, bó ti máa ń ṣe, láti bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Màmá," ó ní, "ẹni tó bá ní ṣúgà, ṣé gbogbo wọn ni wọ́n máa ń gé lẹ́sẹ̀?"

Àlájà rẹ ojú sílẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ti ń ta á láti ọdún tó kọjá. Mo ti ń bá obìnrin yìí gbé ọjọ́ ti pẹ́, n kò tíì rí i kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí mo ń káàánú.

Ní ọjọ́ Ajé, pírínsípà ní kí n tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù. Bùkọ́lá ti di gbogbo aṣọ ọmọ sínú báàgì ńlá kan, ó gbé e lọ́wọ́. Dókítà Adéníyì ń dúró dè wá, òun àti nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tèmilọlá. Nọ́ọ̀sì mú ìka Khairiyyah, ó fi òwú tútù nù ún, ó sì gbé abẹ́rẹ́ kékeré kan sókè. Ọmọ náà di ojú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ dúró," Àlájà ní.

"Màmá, kì í dunni tó bẹ́ẹ̀," nọ́ọ̀sì ní.

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró! Kì í ṣe itọ́ ẹ̀."

Dókítà gbójú sókè. "Ẹ ní kí ni, mà?"

"Itọ́ inú ike yẹn. Tèmi ni. Mo da tọmọ nù, mo tu tèmi sí i."

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mà, kí ló fà á?"

"Mi ò mọ̀ yín rí, Dókítà. Ẹ dé láti ibi tẹ́ ẹ ti dé, ẹ ní kí n fún yín ní itọ́ ọmọ mi. Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ṣe nǹkankan ni, kó jẹ́ tèmi lẹ máa fi ṣe é." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ẹ máa lọ fi ṣàyẹ̀wò lóòótọ́."

Dókítà Adéníyì rọra jókòó. Ó ń wo ògiri, mo sì mọ ohun tó ń rò: ó ń rò ó pé ìyá àgbà mélòó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni itọ́ wọn wà nínú fíríìjì yunifásítì. Ìwádìí lórí àwọn ọ̀dọ́langba ti fẹ́ di ìwádìí lórí àwọn Àlájà.

"Màámi," Bùkọ́lá ní, "ọmọ mi ń sunkún lójú yín. Ó rò pé òun máa kú. Ẹ sì ń wò ó!"

"Mo ń wò ó," Àlájà ní. "Ojú ló ń tì mí, Bùkọ́lá. Ẹ̀rù sì ń bà mí."

Dókítà gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀ padà. "Tó bá jẹ́ tiyín ni itọ́ yẹn, mà, ẹ̀yin gan-an la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gún."

Kíá ni Àlájà ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Obìnrin tí abẹ́rẹ́ ti gún lọ́wọ́ láìmọye ìgbà lórí yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wa, tó kàn máa ń fi ìka sẹ́nu tí á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ! "Rárá o. Mo ti sọ òótọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀." Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń sá fún. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ máa sọ ló ń sá fún.

Khairiyyah la ojú. Ó wo ìyá ìyá rẹ̀, ó wo abẹ́rẹ́. Ó dìde, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ó na ìka tí wọ́n ti nù sí nọ́ọ̀sì.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ gún tèmi," ó ní. "Ẹ wá kọ orúkọ Màmá sí i."

Nọ́ọ̀sì Tèmilọlá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Nínú ìdílé yín yìí, ṣé kò sẹ́ni tó ń fi ara ẹ̀ ṣàyẹ̀wò ni?"

Bùkọ́lá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti ń sunkún. Àlájà wo ìka ọmọ náà pẹ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ìborùn, ó rọra ti ọwọ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì na tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi han dókítà. Kò sí ohun tó yà wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n fún un lọ́jọ́ tí yóò padà wá, wọ́n sì sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn mọ́, ó sì ń mú ojú kúrò lára dókítà bí ẹni tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn òkú rẹ̀ fún. Wọ́n gún Khairiyyah náà. Tirẹ̀ kò tíì bà jẹ́, ṣùgbọ́n Dókítà Adéníyì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà ti ń rìn lọ sétí odò, kí wọ́n tètè pè é padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ń purọ́.

A jáde sí títì. Bùkọ́lá dá kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan dúró, báàgì ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlájà dúró lẹ́yìn, ó na ìka tí wọ́n fi òwú wé sókè bí ọmọdé. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wo báàgì náà.

"Níbo, mà?" ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ béèrè.

Khairiyyah di etí ìborùn Àlájà mú. "Mọ́mì," ó ní, "tí mo bá lọ, ta ló máa máa ṣọ́ ẹnu Màmá?"

Bùkọ́lá wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ju báàgì náà sínú kẹ̀kẹ́.

"Ìsàlẹ̀ Gángan," ó ní. "Ẹ wọlé, Màámi. Ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín o."

A fún ara wa pọ̀ sínú kẹ̀kẹ́ náà. Bí a ti ń kọjá níwájú obìnrin kan tó ń din púfù-púfù, òórùn rẹ̀ gba inú kẹ̀kẹ́ kan, Àlájà sì rọra yí orí síhà ibẹ̀. Khairiyyah na ọwọ́, ó fi bo ojú rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí a fi kọjá.